Abẹ́rẹ́ Kéré, Kì í Ṣe Mímì fún Adìẹ: Ìtàn Káàdì Aṣẹ́gun àti Ọgbọ́n Ẹni Méjì



Ó ṣọ̀wọ́n kí èèyàn wọ hostel akẹ́kọ̀ọ́ kan kí ó má bá káàdì Whot níbẹ̀. Iná lè lọ, omi lè tán nínú kẹ́ẹ̀gì, ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́ta bá ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kan, ẹnì kan á yọ Whot jáde. Gbogbo wa la mọ̀ pé káàdì 20 ni baba wọn: ẹni tó bá jù ú sílẹ̀ ló máa sọ ohun tí àwọn tó kù gbọ́dọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nínú Whot, kálukú ló ń ṣe tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ tó jókòó tì ọ́ gan-an lè fi "pick two" ba ọjọ́ rẹ jẹ́, kí ó sì tún rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yà eré káàdì mìíràn wà tó yàtọ̀ sí èyí. Ẹni mẹ́rin ló ń ta á, méjì kojú méjì. Ẹnì kejì rẹ ló jókòó sí iwájú rẹ, ìwọ àti òun lẹ jọ ń jèrè, ẹ̀yin méjèèjì lẹ sì jọ ń pàdánù. Whist, Bridge, Spades àti Belote wà lára ẹbí yìí. Ohun tó mú wọn dùn ni òfin kan tó sọ pé káàdì kékeré lè na Ọba. Ìtàn òfin yẹn, àti ọgbọ́n tí àwọn èèyàn fi ń lò ó láti nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn, ni a fẹ́ sọ. Ohun tí a rí nínú rẹ̀ ni pé ìtàn náà kì í ṣe ti agbára rárá. Ìtàn bí ẹni méjì ṣe ń gbọ́ ara wọn yé láìlanu ni. Àwọn Yorùbá sì ní orúkọ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀: àrokò.

Bí eré náà ṣe ń lọ

Nínú Whist, Bridge àti Spades, káàdì 52 ni a ń pín fún ẹni mẹ́rin, 13 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdílé mẹ́rin ni wọ́n: Spade, Heart, Diamond àti Club. Nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, Ace ló sábà máa ń ga jù, Ọba tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Ayaba, Jack, 10, títí dé 2. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ju káàdì sílẹ̀ ló yan ìdílé tí a ó tẹ̀lé. Ẹni yòówù tó bá ní ìdílé náà lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ jù ú. Káàdì mẹ́rin tó bá balẹ̀ báyìí ni a ó máa pè ní ìkó kan nínú àròkọ yìí, nítorí pé ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù ló máa kó gbogbo wọn. Ìkó 13 ló wà nínú eré kan.

Bí ìdílé tí wọ́n pè bá ti tán lọ́wọ́ rẹ ńkọ́? O lè ju èyíkéyìí tó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n ìdílé kan wà láàárín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a ti yàn ṣáájú pé òun ni yóò máa borí àwọn yòókù. Bí Heart bá ni wọ́n pè, tí ẹnì kan ju Ace sílẹ̀, tí Heart ti tán lọ́wọ́ rẹ, tí o sì ní 2 láti inú ìdílé tí a yàn, o lè fi 2 yẹn kó Ace lọ. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìdílé tí a yàn yìí ní trump. Ọ̀rọ̀ náà wá láti ara triumph, èyí tí àwọn ará Ítálì ń pè ní trionfo. Ìṣẹ́gun ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, a ó máa pè é ní aṣẹ́gun, kì í ṣe pé a kàn hùmọ̀ orúkọ. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a fi ń pè é. Nígbà tí èèyàn bá fi aṣẹ́gun kó káàdì ìdílé mìíràn, àwọn Faransé máa ń sọ pé ó gé e. Àwọn Jámánì ń sọ pé ó gún un. Àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó ń ta Spades náà ń sọ pé ó gé e. Gígé ni àwa náà yóò máa lò.

Níbo ni aṣẹ́gun ti wá?

Káàdì kì í ṣe ohun tí Yúróòpù bí. Láti ilẹ̀ Mùsùlùmí, pàápàá Íjíbítì ayé àwọn Mamluk, ló ti dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1370 sí 1380. Ìdílé mẹ́rin ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó fi hàn pé aṣẹ́gun bá a wá. Ọba ń jẹ́ ọba, mẹ̀kúnnù ń jẹ́ mẹ̀kúnnù.

Ibi méjì ni àṣà náà ti yọjú láàárín ọdún díẹ̀ síra wọn. Àkọ́kọ́ ni Jámánì. Ní ìlú Nördlingen lọ́dún 1426, wọ́n dárúkọ eré kan tó ń jẹ́ Karnöffel nínú òfin ìlú. Nínú eré yẹn, wọ́n máa ń yan ìdílé kan, àwọn káàdì kéékèèké kan nínú ìdílé náà yóò sì gba agbára tó ju ti Ọba lọ. Jack, tó jẹ́ ọmọ ogun lásán, ló ń na gbogbo wọn. Wọ́n ń pe 6 ní Póòpù, wọ́n ń pe 7 ní Èṣù. Ẹ ò rí i pé eré ti fẹ́ di ọ̀rọ̀ ìṣèlú! Àwọn oníwàásù ayé ìgbà náà kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá: irú ayé wo ni ọmọ ọ̀dọ̀ ti ń na ọba?

Èkejì ni Ítálì. Ní Florence lọ́dún 1440, akọ̀wé òfin kan kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé òun ra ìdì káàdì trionfi fún olóyè ogun kan, Sigismondo Malatesta. Àwọn ará Ítálì kò yan ìdílé kan láti inú mẹ́rin. Ṣe ni wọ́n ya àwọn àwòrán mìíràn kún ìdì náà, wọ́n sì sọ pé àwọn wọ̀nyí ni yóò máa borí. Àwọn káàdì yẹn ló di tarot lẹ́yìn náà. Àwọn tó ń lò ó fún iṣẹ́ wíwò lóde òní kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé eré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ronú pé kò pọn dandan kí a ra káàdì tuntun. Ẹ yan ọ̀kan nínú ìdílé mẹ́rin tó ti wà nílẹ̀, ẹ pè é ní aṣẹ́gun, ó tán. Àṣà yìí tàn dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1529, Hugh Latimer wàásù ní Cambridge, ó sì fi eré Triumph ṣe àpèjúwe fún ìjọ: ó ní Heart ni aṣẹ́gun, èyí ni pé ọkàn ni Ọlọ́run ń béèrè. Ẹni tó bá lè fi eré káàdì wàásù ti mọ̀ dájú pé àwọn tó ń gbọ́ òun mọ eré náà dáadáa.

Whist, àti ọkùnrin tó sọ eré di ẹ̀kọ́

Láti ara Triumph ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ní eré tí wọ́n ń pè ní Ruff, láti ara Ruff ni Whist ti jáde. Charles Cotton kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1674. Nígbà yẹn, eré ilé ọtí ni. Nínú Whist, ẹni tó pín káàdì máa ń ṣí káàdì tó gbẹ̀yìn, ìdílé tí káàdì náà bá ti wá ló di aṣẹ́gun. Kò sẹ́ni tó yàn án. Orí ló yàn án.

Ní 1742, Edmond Hoyle tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lórí Whist. Àwọn èèyàn ńlá ti ń sanwó fún un kí ó kọ́ wọn ní eré náà tẹ́lẹ̀. Ohun tí Hoyle ṣe ni pé ó fi ìṣirò sí i: bí o bá ní aṣẹ́gun mẹ́ta lọ́wọ́, báwo ni ó ṣe ṣeé ṣe tó pé ẹnì kejì rẹ ní méjì? Láti ìgbà yẹn, gígé kúrò ní ohun tí èèyàn kàn ń ṣe nígbà tí ìdílé bá tán lọ́wọ́. Ó di iṣẹ́ ọwọ́ tó ní ìlànà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gé

Ẹ jẹ́ kí á fi Àjàní àti Àdùkẹ́ ṣe ẹni méjì ní ìhà kan, kí Òjó àti Àìná wà ní ìhà kejì. Spade ni aṣẹ́gun.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní crossruff. Tí a bá ní kí á fún un ní orúkọ, a ó pè é ní ààrò. Ẹ rántí ààrò àwọn àgbẹ̀: lónìí a jọ ṣiṣẹ́ nínú oko mi, lọ́la a jọ ṣe é nínú tìrẹ. Ká ní Àjàní ní aṣẹ́gun mẹ́rin, Àdùkẹ́ náà ní mẹ́rin. Heart kò sí lọ́wọ́ Àjàní, Diamond kò sí lọ́wọ́ Àdùkẹ́. Bí wọ́n bá ń ju aṣẹ́gun wọn sílẹ̀ pa pọ̀, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kò lè mú ju ìkó mẹ́rin wá, nítorí méjì méjì ni wọ́n ń tán. Ṣùgbọ́n bí Àdùkẹ́ bá ju Heart kí Àjàní gé e, tí Àjàní ju Diamond kí Àdùkẹ́ gé e, káàdì mẹ́jọ yẹn lè mú ìkó mẹ́jọ wá. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́.

Ṣùgbọ́n ààrò ní èèwọ̀ tirẹ̀. Bí Àjàní bá ní Ace àti Ọba Club, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìkó wọn kí ààrò tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bí gígé bá ti ń lọ, Heart tàbí Diamond yóò tán lọ́wọ́ Òjó àti Àìná, wọn yóò sì máa fi Club wọn dà nù. Nígbà tí Àjàní bá padà wá sórí Ace Club rẹ̀, Club ti tán lọ́wọ́ wọn, aṣẹ́gun kékeré kan ni wọn yóò fi gé e. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ eré yìí ló ti pàdánù Ace báyìí.

Èkejì ni mímọ ìgbà tí kò yẹ kí á gé. Bí Àjàní àti Àdùkẹ́ bá ní ìdílé kan tó gùn tó sì lágbára, tí wọ́n sì ní aṣẹ́gun púpọ̀, ohun tó yẹ ni pé kí wọ́n máa ju aṣẹ́gun sílẹ̀ léraléra títí aṣẹ́gun yóò fi tán lọ́wọ́ Òjó àti Àìná. Lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó lè gé ìdílé gígùn wọn mọ́. Ìyẹn dà bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá kọ́kọ́ pa òkété inú oko kó tó gbin ẹ̀pà.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó wù wá jù, nítorí pé ìfara-ẹni-rúbọ ló wà níbẹ̀. Ká ní Àjàní ní Ace, Ọba àti 10 Spade pẹ̀lú àwọn kéékèèké. Òjó ní Ayaba àti 9 péré. Àìná ní Jack nìkan. Bí Àjàní bá ju Ace, tó tún ju Ọba, Jack yóò bọ́, Ayaba yóò bọ́, Òjó àti Àìná kò sì ní rí ìkó aṣẹ́gun kankan. Ṣùgbọ́n bí Òjó bá tètè ju káàdì ìdílé kan tó ti tán lọ́wọ́ Àìná àti lọ́wọ́ Àjàní, kí Àìná má ṣe ṣahun: kí ó fi Jack rẹ̀ gé e. Bí Àjàní bá fẹ́ borí Jack, ó di dandan kó ná Ọba tàbí Ace. Ìgbà tó bá ná an, Ayaba Òjó ti di ẹni tí kò ṣeé pa mọ́. Jack kú, Ayaba sì là. Àìná kò rí ìkó kankan gbà fúnra rẹ̀, síbẹ̀ òun ló ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kẹrin ni sùúrù. Ká ní Òjó ní Ọba, 10 àti 2 Spade. Àjàní, tó ní Ace, Ayaba, Jack àti 9, fi Ayaba gé ìkó kan, àyè sì wà fún Òjó láti fi Ọba borí rẹ̀. Ojú yóò wọ̀ ọ́. Bí ó bá gbà á, ìkó kan náà ni yóò rí, nítorí Ace àti Jack yóò pa 2 àti 10 tó kù. Bí ó bá fi í sílẹ̀, tó da káàdì mìíràn nù, Ace yóò pa 2 rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọba yóò na Jack, 10 yóò sì na 9. Ìkó méjì nìyẹn. Ohun tó jìn sí kòtò ni èyí kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n: kì í ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ tó ni a ń mú.

Ẹ̀karùn-ún ni Grand Coup, tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Whist ti ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀ kí Bridge tó dé. Nígbà mìíràn, aṣẹ́gun púpọ̀ máa ń di ẹrù. Ká ní ó ku káàdì méjì lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan: Àjàní ní Ace àti Ayaba Spade, Àìná, tó máa ń jù ṣáájú rẹ̀, ní Ọba àti 3. Bí Àdùkẹ́ bá ni ó ju káàdì ìdílé mìíràn sílẹ̀, Àìná ti há. Bó bá fi 3 gé e, Ayaba á gbé e. Bó bá fi Ọba gé e, Ace á gbé e. Ṣùgbọ́n bí aṣẹ́gun Àjàní bá fi ọ̀kan ju ti Àìná lọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gba ìkó ṣáájú, yóò sì di dandan kó ju aṣẹ́gun sí Ọba Àìná lẹ́nu. Nítorí náà, ọlọ́gbọ́n á ti fojú inú wò ó láti ọ̀nà jíjìn, á sì fi aṣẹ́gun rẹ̀ gé káàdì ẹnì kejì rẹ̀ tó ti ń borí tẹ́lẹ̀, kí iye tirẹ̀ lè dínkù. Ẹni tó ń wòran á rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Ìtàn kan wà tí àwọn òǹtayò káàdì fẹ́ràn láti sọ. Wọ́n ní Duke ti Cumberland, ọmọ ọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba káàdì kan nídìí Whist ní ìlú Bath: Ace, Ọba àti Ayaba kún ọwọ́ rẹ̀, aṣẹ́gun tó dára náà wà níbẹ̀. Ó fi owó ńlá ta tẹ́tẹ́, wọ́n ní £20,000 ni. Kò rí ìkó kan ṣoṣo gbà. Àwọn méjì tó kojú rẹ̀ fi aṣẹ́gun gé gbogbo ohun tó ní. Ian Fleming gbé irú káàdì yìí sínú ìwé ìtàn rẹ̀, Moonraker, lọ́dún 1955, níbi tí James Bond ti fi na Hugo Drax, ẹni tó ń rẹ́ wọn jẹ tẹ́lẹ̀. Ibi pàtàkì ni pé Bond kò dá a ṣe. Ọ̀gá rẹ̀, M, ni ẹnì kejì rẹ̀, àwọn aṣẹ́gun kéékèèké tó wà lọ́wọ́ M ló gé Diamond kí ti Bond tó lè dúró.

Àrokò lórí tábìlì

Gbogbo ọgbọ́n tí a kà sílẹ̀ yìí, ìṣòro kan ló wà nídìí wọn: o kò rí ọwọ́ ẹnì kejì rẹ. Òfin sì kọ̀ kí o bi í. Báwo ni Àdùkẹ́ yóò ṣe mọ̀ pé Àjàní fẹ́ kí wọ́n tètè ju aṣẹ́gun sílẹ̀?

Ní nǹkan bí ọdún 1834, Lord Henry Bentinck mú ọ̀nà kan wá. Bí o bá ní káàdì kékeré méjì nínú ìdílé kan, tí o kọ́kọ́ ju èyí tó tóbi, kí o tó ju èyí tó kéré, o ti yí ètò àdámọ́ padà. Ẹnì kejì rẹ á rí i, á sì mọ̀ pé o ń bẹ̀ ẹ́ kí ó ju aṣẹ́gun. Wọ́n pè é ní Blue Peter, orúkọ àsíá tí ọkọ̀ ojú omi ń ta nígbà tó bá fẹ́ ṣí kúrò ní èbúté. Henry Jones, tó ń fi Cavendish bojú, tẹ ìwé rẹ̀ lórí Whist jáde lọ́dún 1862, ó sì wà lára àwọn tó sọ irú ìlànà wọ̀nyí di ohun tí gbogbo èèyàn lè kọ́.

Ta ni kò ní rántí àrokò? Nígbà tí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ̀fà ni ó ń sọ: ọkàn mi fà sí ọ. Bí èsì bá jẹ́ owó ẹyọ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni: ọ̀rọ̀ wa jọ. Owó ẹyọ kan náà tí a fi ń ra iyọ̀ ni ó di ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni 7 tó ṣáájú 3 lórí tábìlì ṣe di gbólóhùn. Káàdì náà kò yí padà. Ìlò rẹ̀ ló di èdè.

Aṣẹ́gun di ohun tí a ń ná

Ní Whist, orí ló ń yan aṣẹ́gun. Ìwé kékeré kan jáde ní London lọ́dún 1886 lórí eré tí wọ́n pè ní Biritch: nínú rẹ̀, ẹni tó pín káàdì tàbí ẹnì kejì rẹ̀ ló ń sọ aṣẹ́gun. Èyí ni àkọ́bẹ̀rẹ̀ Bridge. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó di gbàǹjo: ìhà méjèèjì á máa pè é, ẹni tó bá ṣèlérí ìkó tó pọ̀ jù ló ni ẹ̀tọ́ láti yan aṣẹ́gun. Ní ọdún 1925, Harold Vanderbilt, ọlọ́rọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, wà nínú ọkọ̀ ojú omi Finland tó ń gba Panama kọjá, níbẹ̀ ló ti ṣètò bí wọ́n ó ṣe máa ka máàkì Contract Bridge. Òfin tirẹ̀ ni pé ohun tí o bá ṣèlérí nìkan ni a ó kà fún ẹ̀bùn ńlá. Bí o bá rí ìkó 12 láìṣe pé o pè é, oríire lásán ni.

Ẹ wo bí ayé ti yí. Ní Karnöffel, ìyàlẹ́nu ni pé mẹ̀kúnnù lè na ọba. Ní Whist, ó di ọ̀rọ̀ orí. Ní Bridge, ẹni méjì ló ń jókòó tí wọ́n ń fi ìpè bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi fẹnu kò lórí ìdílé tí yóò ṣẹ́gun. Agbára aṣẹ́gun kò sí nínú káàdì mọ́. Ó wà nínú àdéhùn.

Nígbà tí àrokò bá di ìrẹ́jẹ

Níbi tí àdéhùn bá wà, àdéhùn ìkọ̀kọ̀ kì í jìnnà. Òfin Bridge sọ pé ohunkóhun tí ẹ bá fi káàdì tàbí ìpè sọ, àwọn alátakò yín gbọ́dọ̀ lè mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè, ẹ sọ fún wọn. Àrokò tí gbogbo èèyàn lè tú ni òfin fàyè gbà.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1965, nídìí ìdíje àgbáyé ní Buenos Aires, wọ́n fẹ̀sùn kan ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Terence Reese àti Boris Schapiro, pé ìka ọwọ́ tí wọ́n fi di káàdì mú ni wọ́n fi ń sọ iye Heart tí wọ́n ní. Àjọ àgbáyé dá wọn lẹ́bi. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá wọn láre ní 1966. Àríyànjiyàn náà kò parí títí dòní. Ọdún 10 lẹ́yìn èyí, ní Bermuda, wọ́n ta ìbòjú sáàárín tábìlì kí ẹnì kejì má baà rí ojú ẹnì kejì. Àwọn ará Ítálì méjì, Facchini àti Zucchelli, ni wọ́n ká mọ́ fífi ẹsẹ̀ tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Wọ́n ní láti dí abẹ́ tábìlì náà. Ojú bo, ẹsẹ̀ ń sọ̀rọ̀!

Àwọn tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́

Ohun kan wà tí àwọn ìwé Bridge kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo. Ní Amẹ́ríkà, eré tí òfin rẹ̀ sọ pé káàdì kékeré lè na Ọba ni àwọn aláwọ̀ funfun fi ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn adúláwọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn adúláwọ̀ fi dá American Bridge Association sílẹ̀ lọ́dún 1932. Ó di ọdún 1967 kí ẹgbẹ́ ńlá ti Bridge Amẹ́ríkà tó fi sínú òfin rẹ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ ara ṣe ìdí láti kọ ẹnikẹ́ni.

Láàárín ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ń ta Bid Whist àti Spades nínú ilé, nínú ọkọ̀ ojú irin, àti níbùdó ọmọ ogun. Ní Spades, kò sí gbàǹjo lórí aṣẹ́gun: Spade ni títí ayé. Ohun tí ẹni méjì ń pè ni iye ìkó tí wọ́n lè rí. Ẹni tó bá gé nígbà tí ìdílé tí wọ́n pè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò jìyà, níbi púpọ̀ ìkó mẹ́ta ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ẹnì kejì nídìí káàdì kì í ṣe ẹni tí a kàn ń yàn ṣeré. Ẹni tó mọ ìwà rẹ ni, tó mọ ìgbà tí o ń fọ́nnu àti ìgbà tí ó dá ọ lójú.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ẹnì kan lè bi wá pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú eré àwọn òyìnbó. Èsì wa ni pé nígbà tí a jókòó láti kọ àròkọ yìí, ẹ̀rù bà wá pé ọ̀rọ̀ kò ní tó. A gbọ́ ọ níbi púpọ̀ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan báyìí. Ohun tí a bá pàdé yàtọ̀. Crossruff ti ní ààrò. Blue Peter ti ní àrokò. Auction ti ní gbàǹjo. Trump fúnra rẹ̀, bí a bá hú u dé gbòǹgbò, aṣẹ́gun ni. Ìkó àti gígé nìkan ni a ní láti tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí wọ́n tó bá iṣẹ́ mu. Àwọn ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ oko, fún ìránṣẹ́, fún ọjà. A kò tíì bi wọ́n bóyá wọ́n lè ta káàdì ni.

Ẹ bá wa gbìyànjú rẹ̀ wò. Bí iná bá tún lọ lálẹ́ ọ̀la, ẹ fi Whot sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ wá ìdì káàdì 52, ẹ pín ara yín sí méjì méjì, ẹ yan aṣẹ́gun, ẹ sì fi Yorùbá ta á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní London àti Houston, tí ẹ ti bá wọn ta Spades tàbí Bridge, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ tí ẹ̀ ń pe ọgbọ́n wọ̀nyí ránṣẹ́ sí wa. A kò fẹ́ kó jẹ́ àwa nìkan ni yóò sọ wọ́n lórúkọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.